Onídùúró Nítorí Ẹni Tí A Kò Mọ̀

Nígbà tí jagunjagun bá ti ojú ogun dé, òun ni onílù ń lùlù kí. Òun ni akéwì ń pe oríkì rẹ̀, òun ni àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀ lé. Kò sí ẹni tí yóò bèèrè alágbẹ̀dẹ tí ó rọ idà rẹ̀, tàbí ìránṣẹ́ tí ń já koríko fún ẹṣin rẹ̀. Bí idà bá sì ṣẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ tí ó bá ibẹ̀ kú, a óò ní ọ̀tá ni ó pa á. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá wà nílé tí ó ti mọ̀ pé irin idà náà ti sán, tí ó sì dákẹ́, kí ni ìpín tirẹ̀ nínú ikú yẹn? Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí èmi àti ẹ̀yin òǹkàwé mi jọ yẹ̀ wò nìyí. Bàálù ológun ni n óò fi yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí pé ọwọ́ tí ń tọ́jú rẹ̀ pọ̀ ju ti idà lọ, ẹni tí ó sì ń wọ inú rẹ̀ kì í sábà mọ ẹyọ ẹnì kan nínú àwọn tí ó ni ọwọ́ wọ̀nyí.

Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá mi kan ni mo ti kọ́kọ́ pàdé ọ̀rọ̀ náà. Mushin ni ó ń gbé, lẹ́bàá Ojúwoyè, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo sì wà nígbà tí mo ń kàwé ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà. Gbogbo àdúgbò ń pè é ní Bàbá Sítọ́ọ̀, nítorí pé ilé ìkó-nǹkan-pamọ́ ni ó ti ṣiṣẹ́ nínú Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú títí tí ó fi fẹ̀yìn tì. Ìkẹjà ni ibi iṣẹ́ rẹ̀, níbi tí olú ẹ̀ka tí ń pèsè ohun èlò fún iléeṣẹ́ náà wà. Bí àwọn ọmọ ilé bá bi í pé irú bàálù wo ni ó máa ń wà, a rẹ́rìn-ín, a ní, "Káàdì ni mo máa ń wà."

Nígbà tí ó yá ni ó là mí lóye ohun tí káàdì ń jẹ́. Kò sí ẹ̀yà kan tí ó ṣe kókó lára bàálù tí kì í ní ìwé ìtàn: ibi tí ó ti wá, ọjọ́ tí ó wọlé, bàálù tí ó ti wà lára rẹ̀ rí, iye wákàtí tí ó ti lò lókè. Rọ́bà tí a fi ń dí ojú páìpù ní ọjọ́ tí yóò pé, bí a kò tilẹ̀ lò ó rárá, nítorí pé orí pẹpẹ tí a gbé e sí ni ó ti ń darúgbó. Ẹ́ńjìnnì ní tirẹ̀, ọdún nìkan kọ́ ni à ń kà fún un. À ń ka iye wákàtí tí ó ti ṣiṣẹ́ àti iye ìgbà tí a ti tan án. Sípánà tí mẹkáníìkì mú dé ìdí bàálù, a óò kà á kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, a óò tún kà á nígbà tí iṣẹ́ bá parí. Bí ọ̀kan bá dín, bàálù náà kò ní í gbéra títí a óò fi rí i, nítorí pé sípánà kan tí a gbàgbé sínú lè há ohun tí awakọ̀ fi ń darí ọkọ̀. Ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ kọ́ ni yóò yẹ iṣẹ́ náà wò. Ẹlòmíràn ni, àwọn méjèèjì ni yóò sì fọwọ́ síwèé. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀ ni awakọ̀ yóò ka ìwé náà, tí òun náà yóò fọwọ́ sí i kí ó tó wọ ọkọ̀.

Lójú mi nígbà náà, iṣẹ́ akọ̀wé lásán ni gbogbo èyí. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un lọ́jọ́ kan. Kò bínú. Ó ní, "Ìwọ rò pé ìwé ni mo ń kọ. Onídùúró ni mo ń ṣe."

Ẹ̀yin òǹkàwé mi mọ ohun tí onídùúró ń jẹ́ láwùjọ wa. Ẹni tí ó fẹ́ yá owó, ẹni tí ó fẹ́ gba iṣẹ́ tí ó jẹ mọ́ owó, ẹni tí wọ́n fẹ́ gba béèlì rẹ̀ ní àgọ́ ọlọ́pàá, gbogbo wọn ni ó ní láti wá ẹni tí yóò fi orúkọ ara rẹ̀ lélẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́, onídùúró ni a óò mú. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń kìlọ̀ fún wa pé kí a má ṣe dúró fún ẹni tí a kò mọ ìwà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdúró ti Bàbá Sítọ́ọ̀ yàtọ̀. Irin àti rọ́bà ni ó ń dúró fún, ẹni tí ó sì ń dúró nítorí rẹ̀ jẹ́ àjèjì pátápátá: ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí yóò gbé bàálù ní Makurdi tàbí ní Kánò lẹ́yìn ọdún méjì, tí kò ní í mọ̀ láéláé pé ẹnì kan ní Ìkẹjà ti fi orúkọ lélẹ̀ nítorí òun.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, ọjọ́ 26, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1992, ọ̀rọ̀ náà di ohun tí a fojú rí. Bàálù akẹ́rù C-130 tí wọ́n ń pè ní Hercules, tí ó jẹ́ ti Iléeṣẹ́ Ọmọ Ogun Òfurufú Nàìjíríà, gbéra ní pápá ọkọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà. Kò ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ tí ó fi já sínú irà ní Èjìgbò. Àwọn tí ó kú lé ní 150. Ọ̀dọ́ ọ̀gágun ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, tí wọ́n ń gba ẹ̀kọ́ ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn ọ̀gá ológun ní Jaji. Láti Mushin, Èjìgbò kò jìnnà. Lálẹ́ ọjọ́ náà àti ní àwọn alẹ́ tí ó tẹ̀ lé e, àwọn ọkùnrin àgbàlá wa yí rédíò ká. Àwọn kan ní bọ́ǹbù ni. Àwọn kan ní àwọn aláṣẹ ìgbà náà ni ó fẹ́ kó àwọn ọ̀dọ́ náà kúrò lọ́nà. Ìyá tí ń ta ẹ̀kọ lẹ́nu ọ̀nà ní ọwọ́ ayé ni, pé ayé kò fẹ́ kí á rí ọmọ ẹni lókè. Nígbà tí ìròyìn tàn kálẹ̀ pé ẹ́ńjìnnì mẹ́ta nínú mẹ́rin ni ó dákẹ́, ariwo náà tún le sí i: ṣé ẹ́ńjìnnì mẹ́ta lè ṣàdédé dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni?

Bàbá Sítọ́ọ̀ kò sọ nǹkan kan títí ọ̀rọ̀ fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ó bèèrè pé, "Ta ni ó fọwọ́ síwèé rẹ̀ kẹ́yìn?" Gbogbo wọn wò ó bí ẹni tí ó sọ ìsọkúsọ níbi òkú. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí á sunkún ná." Ó dá a lóhùn pé, "Bí a bá ń sunkún, à máa ríran."

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe ṣì mí gbọ́. N kò sọ ìtàn yìí láti dá ẹnì kan lẹ́bi lórí ọ̀ràn Èjìgbò, àbúrò ìyá mi náà kò sì dá ẹnì kan lẹ́bi. Ìbéèrè rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀sùn, nítorí pé ìwé tí ó mọ́ lè dá onídùúró láre. Ohun tí mo ti ń rò láti ìgbà náà ni pé nínú gbogbo ìbéèrè tí àwa yòókù bèèrè, àwa tí a tilẹ̀ ń pe ara wa ní ọ̀mọ̀wé lọ́la, kò sí ẹyọ kan tí ó kan ìtọ́jú.

Mo rò pé ìdí rẹ̀ wà nínú bí a ti ń pín àjálù. Ọ̀nà mẹ́ta ni à ń pín in sí. Èkínní ni àmúwá Ọlọ́run, tí ẹ̀dá kò lè yẹ̀. Èkejì ni iṣẹ́ ayé, tí ọ̀tá ń ṣe ní kọ̀rọ̀. Ẹ̀kẹta ni àfọwọ́fà, tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà sórí ara rẹ̀. Ọgbọ́n wà nínú ìpín yìí, ó sì ti tó wa lò fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n bàálù tí a kò tọ́jú, ibikíbi tí ó wù kí ó já sí, kò wọ inú ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kì í ṣe àmúwá Ọlọ́run, nítorí pé ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. Kì í ṣe iṣẹ́ ayé, nítorí pé kò sí ẹni tí ó bá àwọn tí ó kú ṣọ̀tá. Kì í sì ṣe àfọwọ́fà, nítorí pé ẹni tí ó fọwọ́ fà á kọ́ ni ó jìyà rẹ̀. Ẹnì kan dá owó páàtì dúró. Ẹnì kan gba rọ́bà tí ọjọ́ rẹ̀ ti kọjá wọlé. Ẹnì kan fọwọ́ síwèé láìwo ohun tí ó ń fọwọ́ sí, nítorí pé ilẹ̀ ti ń ṣú, ó sì fẹ́ tètè délé. Bí a bá pe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní apànìyàn, a purọ́ mọ́ ọn. Bí a bá sì ní wọn kò mọ nǹkan kan nípa ikú náà, a tún purọ́. Nítorí pé irú ẹ̀bi bẹ́ẹ̀ kò lórúkọ lẹ́nu wa, a máa ń kó o lé ayé lórí. Ẹni tí ó bá sì ń wá àjẹ́ kò ní í ráyè wá káàdì.

Kì í ṣe àwa nìkan ni èyí ń ṣe. Ní ọjọ́ 2, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 2006, bàálù Nimrod kan tí ó jẹ́ ti àwọn ọmọ ogun òfurufú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbiná lójú òfurufú nítòsí Kandahar ní Afghanistan. Gbogbo ènìyàn 14 tí ó wà nínú rẹ̀ ni ó kú. Bàálù mìíràn ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ní epo tán lókè ni. Epo náà jò, ó sì kan páìpù tí ń gbé afẹ́fẹ́ gbígbóná. Ìjọba yan agbẹjọ́rò kan, Charles Haddon-Cave, láti wádìí ọ̀rọ̀ náà, ó sì gbé àbọ̀ rẹ̀ jáde ní ọdún 2009. Ohun tí ó rí yẹ kí ó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ewu yẹn ti wà lára bàálù náà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọdún díẹ̀ ṣáájú ìjàǹbá náà, wọ́n ti kọ ìwé ńlá kan láti fi wá irú ewu bẹ́ẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n àwọn tí ó kọ ọ́ ti gbà lọ́kàn wọn tẹ́lẹ̀ pé kò sí ewu, nítorí pé Nimrod ti ń fò bọ̀ láti nǹkan bí 30 ọdún. Ìwé wà, ìfọwọ́sí wà, ojú tí ó yẹ kí ó wo nǹkan ni kò sí. Nítorí náà ni mo fi ní láti tún ọ̀rọ̀ àbúrò ìyá mi ṣe díẹ̀: káàdì kọ́ ni ìwà. A lè fi káàdì purọ́ gẹ́gẹ́ bí a ti ń fi ẹnu purọ́. Ìwà onídùúró ni kí ó wo ohun tí ó ń dúró fún.

Ẹnì kan lè ta kò mí níhìn-ín pé bí a bá bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ẹni tí ó fọwọ́ síwèé, ọmọ iṣẹ́ kékeré ni a óò mú, tí àwọn ọ̀gá yóò lọ lọ́fẹ̀ẹ́. Òtítọ́ ni pé ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú àbọ̀ Haddon-Cave, àwọn ọ̀gá àgbà ológun wà lára àwọn ènìyàn 10 tí ó dárúkọ. Oko kì í jẹ́ ti baba àti ti ọmọ kí ó má ní ààlà. Ẹni tí ó ra bàálù ni onídùúró àkọ́kọ́, kí ìwé tó dé ọwọ́ ẹni tí ó wà ní sítọ́ọ̀.

Àwọn baba wa mọ èyí, tàbí kí n sọ pé ojú wọn ti rí i. Àwọn òpìtàn jẹ́ kí ó yé wa pé orí ẹṣin ni agbára ogun Ọ̀yọ́ Ilé wà, àti pé ẹṣin kì í pẹ́ láyé ní ilẹ̀ wa nítorí àìsàn tí eṣinṣin ń gbé kiri. Láti òkè ọya ni wọ́n ti ń ra òmíràn dípò èyí tí ó kú, ẹrú tí wọ́n kó láti òkè ọya náà sì wà lára àwọn tí ń tọ́jú wọn. Nígbà tí ọ̀nà òkè ọya bàjẹ́, tí ọ̀pọ̀ ẹrú sì sá tọ Àfọ̀njá lọ ní Ìlọrin ní nǹkan bí ọdún 1817, Ọ̀yọ́ ṣì ní àwọn Ẹ̀ṣọ́ tí oríkì wọn dùn létí. Ẹṣin àti ẹni tí yóò tọ́jú rẹ̀ ni ó di ọ̀wọ́n. Ọ̀pọ̀ nǹkan ni ó pa pọ̀ tú Ọ̀yọ́ Ilé, ṣùgbọ́n èyí wà lára wọn.

Ohun tí ó jọ ọ́ ṣẹlẹ̀ lójú ayé tiwa. Láti ọdún 1984 ni Nàìjíríà ti ń gba bàálù ajagun Jaguar 18 láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1991, wọ́n ti so wọ́n mọ́lẹ̀ nítorí ìnáwó. Ẹ ronú sí ipò tí irú nǹkan báyìí ń fi ẹni tí ó wà ní sítọ́ọ̀ sí, níbikíbi láyé. Àṣẹ dé pé kí bàálù gbéra; páàtì kò sí. Wọ́n a tú lára bàálù kan láti fi gbé èkejì dìde. Kì í ṣe olè, bí wọ́n bá kọ ọ́ sórí káàdì méjèèjì. Bí wọn kò bá kọ ọ́, bàálù méjì ni wọ́n ti purọ́ mọ́. Ẹni tí ó ra nǹkan láìka owó ìtọ́jú mọ́ iye rẹ̀ ti gbé gbèsè ara rẹ̀ lé ọmọ iṣẹ́ lórí. Ní ọdún 2021, nígbà tí bàálù Super Tucano 12 dé láti Amẹ́ríkà ní iye tí ó tó nǹkan bí 500 mílíọ̀nù dọ́là, àwọn tí wọ́n sọ pé owó náà pọ̀ jù kò mọ̀ pé páàtì wà nínú rẹ̀, àti ẹ̀kọ́ àwọn awakọ̀ àti ti àwọn tí yóò máa tọ́jú wọn. Ẹni tí ó bá mọ iye koríko tí ẹṣin ń jẹ ni a lè bá dúnàádúrà ẹṣin.

Ìbéèrè kan kù tí n kò lè fò dá. A ṣe bàálù ológun láti pa ènìyàn. Ní ọjọ́ 17, oṣù Kìíní, ọdún 2017, bàálù ọmọ ogun òfurufú wa kan ju bọ́ǹbù sí àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé ní Rann, ní Ìpínlẹ̀ Borno. Ènìyàn tí ó kú kò dín ní 90. Àwọn aláṣẹ ní àṣìṣe ni. Wọn kò sọ pé ẹ́ńjìnnì kùnà. Wọ́n ní a kò sàmì sí ibẹ̀ bí ó ti yẹ. Nígbà tí mo ka èyí, ìbéèrè Bàbá Sítọ́ọ̀ ni ó sọ sí mi lọ́kàn, nítorí pé àmì jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan gẹ́gẹ́ bí káàdì ti jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan. Ẹni tí ó to bọ́ǹbù ní sítọ́ọ̀ kọ́ ni ó yan ibi tí yóò já sí, ẹ̀bi ẹni tí ó yàn án kò sì gbọdọ̀ di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè sọ pé ọ̀rọ̀ náà kò kan òun. Àwọn tí ó ń dúró nítorí wọn kò mọ sí awakọ̀ àti èrò inú bàálù. Àwọn tí ń gbé nílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Ìbá rọrùn fún mi láti parí ọ̀rọ̀ yìí bí olùkọ́, bí kì í bá ṣe ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2004. Mo ní ọkọ̀ tòkunbọ̀ kan nígbà náà. Bàbá Sítọ́ọ̀ ti gba ìsọ̀ ní ọjà Ládìpọ̀, ó ń ta páàtì mọ́tò, ó sì ń kọ káàdì fún un, àwọn ará ọjà sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bíréèkì ọkọ̀ mi jẹ. Iye tí ó pe ojúlówó wọ̀ mí lára, mo sì lọ ra òmíràn lọ́dọ̀ ẹlòmíràn ní ìdajì owó náà. Ó ti sọ fún mi pé, "Ra èyí tí ó nítàn." N kò gbọ́. Lọ́sẹ̀ kẹta, bí mo ti ń sọ̀kalẹ̀ ní Ojúẹ̀lẹ́gbà, mo tẹ bíréèkì, kò mú. Mo kọlu ẹ̀yìn dáńfó kan, ọmọkùnrin kọ̀ńdọ́ tí ó rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ já bọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣẹ́.

Mo san owó ilé ìwòsàn. Lẹ́yìn náà mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún gbogbo ènìyàn pé iṣẹ́ ayé ni, pé nítorí oyè ọ̀mọ̀wé tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ni wọ́n fi fẹ́ pa mí. Mo tilẹ̀ ṣe ìdúpẹ́. Bàbá Sítọ́ọ̀ wá síbẹ̀, ó jẹun, ó gbàdúrà fún mi. Nígbà tí àwọn àlejò lọ tán, ó bi mí pé, "Ta ni ó ra bíréèkì náà?" N kò rí ọ̀rọ̀ sọ. Ẹsẹ̀ ọmọkùnrin náà san, ṣùgbọ́n kò tọ́ mọ́. Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Ìkòròdú, tí ó ń tiro. Mo kí i, ó dá mi lóhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Kò mọ̀ pé èmi ni mo yan bíréèkì olówó pọ́ọ́kú. N kò sì sọ fún un.

Nítorí náà ni mo fi ń dábàá pé kí a fi ẹ̀kẹrin kún mẹ́ta tí a ní, kí a sì pè é ní gbèsè onídùúró: èyí tí a jẹ ẹni tí a kò mọ̀, nítorí pé ohun kan gba ọwọ́ wa kọjá kí ó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Gbèsè yìí kò sọ ẹni tí ó jẹ ẹ́ di ẹni burúkú. Ohun tí ó bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni pé kí ó gbà pé òun jẹ ẹ́, kí ó sì mọ ibi tí ìpín tòun dé.

Bàbá Sítọ́ọ̀ kú ní ọdún 2015. Ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ kan ṣì wà nínú ìsọ̀ náà ní Ládìpọ̀. Bí mo bá lọ ra nǹkan, yóò kọ ibi tí ó ti wá àti ọjọ́ tí ó wọlé sórí káàdì, yóò sì ní kí n fọwọ́ sí i. Mo máa ń kà á tán kí n tó fọwọ́ sí i.